Àkójọ Ẹ̀rọ àti Ẹ̀kọ́ fún Iṣẹ́ Títẹ Tíṣẹ́ẹ̀tì: Ohun Tí Mo Rí Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́jọ

Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ra àkójọ kan tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títẹ àwòrán sára tíṣẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ló ń tà á. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò yọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà káàkiri kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ohun tó wà nínú tèmi ni heat press (ẹ̀rọ tó ń fi irin gbígbóná tẹ àwòrán mọ́ nǹkan) oníṣẹ́ mẹ́jọ, tó lè tẹ aṣọ, fìlà, ife àti abọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Epson kan tí wọ́n ti da íǹkì sublimation (íǹkì tí ooru ń sọ di oru) sí, ọgọ́rùn-ún ewé ìwé, tíṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́wàá, ife mẹ́fà, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. N kò ní kọ iye náírà tí mo san, nítorí bí dọ́là ṣe ń mi ọjà ẹ̀rọ, iye náà lè ti di ìtàn kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà ló jẹ́ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ọ̀fẹ́" ni wọ́n kọ sára ìpolówó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo lọ béèrè iye ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, lẹ́yìn tí mo ti sanwó tán.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí heat press, torí òun ni igi lẹ́yìn ọgbà iṣẹ́ yìí. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Èkíní ń la ẹnu bí ọ̀nì: a ó tẹ́ aṣọ sí i lẹ́nu, a ó sì pa á dé. Kì í gba àyè púpọ̀, àmọ́ ọwọ́ ẹni máa ń wà lábẹ́ irin gbígbóná nígbà tí a bá ń tẹ́ aṣọ, bí aṣọ bá sì nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti fún aṣọ náà mọ́lẹ̀ kí iwájú tó kàn án. Èkejì ni èyí tí orí rẹ̀ ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní títẹ́jú lé aṣọ lórí. Èkejì yìí ni tèmi. Ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38 ní òró àti ní ìbú, ó sì tó àyà tíṣẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa, aago rẹ̀ kì í parọ́, n kò sì tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ iná rárá.

Ibi tí ó kù sí ni ooru. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, igun kan nínú báàjì ilé ìwé tí mo tẹ̀ kò gba àwọ̀ dáadáa. Igun kan náà ni, lórí aṣọ mọ́kànlá. Mo ra òṣùwọ̀n ooru tó rí bí ìbọn, ẹ̀yà èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà kòrónà, àfi pé tirẹ̀ lè wọn ooru tó ga ju ti ara ènìyàn lọ fíìfíì. Mo gbé ẹ̀rọ sí ìwọ̀n 190 Celsius, mo dúró títí ó fi ké pé òun ti gbóná, mo sì wọn ojú irin náà káàkiri. Àárín jẹ́ 188, igun ọ̀tún lẹ́yìn jẹ́ 184, ṣùgbọ́n igun òsì níwájú, níbi tí báàjì yẹn kò ti gba àwọ̀ dáadáa, jẹ́ 169. Nígbà tí mo pè wọ́n, ọmọkùnrin tó gbé fóònù fèsì pé, "Màmá, gbogbo ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣáà máa sún aṣọ sí àárín." Inú bí mi, àmọ́ n kò lè pa irọ́ mọ́ ọn: ìmọ̀ràn náà ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ṣe títí di òní.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tirẹ̀, kí ó mú irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà lójú òun, kí ó sì wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ó tún gé ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, kí ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí igun kọ̀ọ̀kan nígbà tí irin bá tutù, kí ó pa ẹ̀rọ dé, kí ó wá máa fa ìwé wọ̀nyí. Bí mẹ́ta bá dì pinpin tí ẹ̀kẹrin sì ń yọ wẹ́rẹ́, ẹ̀rọ náà kò tẹ̀ dọ́gba. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ pé òun kò ní tan iná fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ti fún ẹ ní èsì.

Ọ̀rọ̀ iná wà níbẹ̀ pẹ̀lú, a kò sì gbọ́ ọ rí nínú ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì wa. Wáàtì 1800 ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ mi. Lórí iná 220, ìyẹn lé díẹ̀ ní áńpíà mẹ́jọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé e, yóò kàn máa kérora títí yóò fi kú ni. Èyí tó tó 2.5 kVA ló gbé tèmi, ó sì ń mu epo bí ẹni pé wọ́n fi ṣépè fún un. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo tan ẹ̀rọ náà nílé, ẹsitẹ́ńṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú tí mo fi so ó mọ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ike tó ń jó. Nígbà tí mo fọwọ́ kan wáyà rẹ̀, ó ti rọ̀ bí àmàlà. Ní Èkó tí a ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀rọ ńlá ló ń fún gbogbo ilé náà níná, kò sì sí ẹni tí wáyà wá sí lọ́kàn.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kọ́ ni ẹjọ́ mi tó tóbi jù. Ẹjọ́ mi ni pé àkójọ náà ti yan ọ̀nà iṣẹ́ fún mi kí n tó mọ̀ pé ọ̀nà pọ̀. Bí a bá fi ooru tó wà láàárín ìwọ̀n 190 sí 200 tẹ íǹkì sublimation fún ìṣẹ́jú àáyá 45 sí 60, ńṣe ni yóò di oru, tí yóò sì wọ inú fọ́nrán polyester lọ. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ kì í fi í bá ohunkóhun lójú aṣọ tí a bá fi í tẹ̀, tí àwòrán rẹ̀ kì í sì í bó. Ṣùgbọ́n fọ́nrán òwú kì í gbà á wọlé, àti pé kò sí funfun nínú íǹkì náà, torí náà kò lè hàn lórí aṣọ dúdú. Tíṣẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá tí wọ́n kó fún mi, polyester funfun ni gbogbo wọn, iṣẹ́ sì ń jáde bí idán. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún mi ńkọ́? Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kan ní Ìbàdàn níbí ni, wọ́n ní àwọn fẹ́ 40 tíṣẹ́ẹ̀tì dúdú, òwú pọ́ńbélé, nítorí pé ooru kò ní jẹ́ kí àwọn wọ polyester lọ́sàn-án. Mo kọ́kọ́ tẹ ọ̀kan wò. Nígbà tí mo ṣí ìwé kúrò, kò sí nǹkan kan lára aṣọ náà àfi ojú ipa irin onígun mẹ́rin tó ń dán lórí dúdú.

Ṣómólú ní Èkó ló yọ mí. Kò sí ẹni tó ń tẹ nǹkan ní ìhà ibí tí kò mọ Ṣómólú, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ti jókòó ti ara wọn láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn tó ní ẹ̀rọ DTF (direct-to-film) níbẹ̀ máa ń bá ènìyàn tẹ àwòrán sórí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: íǹkì aláwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀, wọ́n á fi funfun lé e lẹ́yìn, wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á sì fi ooru yọ́ gọ́ọ̀mù náà. Mítà ni wọ́n fi ń tà á. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sanwó mítà kan àti ààbọ̀, wọ́n sì gbé e wọ ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ta. Ní ọjọ́ kejì mo lọ gbà á ní Ìwó Road. Ìwọ̀n 150 sí 160 ni mo fi tẹ̀ ẹ́, fún ìṣẹ́jú àáyá 15, mo jẹ́ kó tutù, mo ṣí ike kúrò, mo sì tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Òwú gbà á, polyester gbà á, dúdú gbà á. Nínú gbogbo ẹrù tí mo rà, heat press nìkan ni iṣẹ́ yìí béèrè lọ́wọ́ mi.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sáré lọ ra ẹ̀rọ DTF o. Ohun tó ń sọ íǹkì funfun rẹ̀ di funfun wúwo, ó máa ń sìlẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ̀gì, bí wọn kò bá sì máa rò ó kí wọ́n sì máa tẹ nǹkan lójoojúmọ́, yóò dí orí ẹ̀rọ náà, orí ọ̀hún kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi owó kékeré pààrọ̀. Ohun ọ̀sìn ni, ó ń fẹ́ oúnjẹ lójúmọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì kún ọ̀sẹ̀, kí ó máa ra mítà lọ́wọ́ àwọn tó ti ń bọ́ ọ.

Kí n má bàa ṣe àbòsí, sublimation ní ibi tó ti lọ́lá. Olùkọ́ ni mí, mo sì mọ̀ pé bí ìdíje eré ìdárayá àwọn ilé ìwé bá ti ń bọ̀, polyester funfun ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè, nítorí ó fúyẹ́, ó sì ń gbẹ kíá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo rà fi iṣẹ́ ilé ìwé mẹ́ta san díẹ̀ nínú owó ara rẹ̀ padà. Ẹni tí jẹ́sì àti ife jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an lè ra àkójọ yìí kí ó má sì kábàámọ̀. Ti vinyl, ìyẹn ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń gé kí a tó fi ooru lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, ó dára fún orúkọ àti nọ́ńbà lẹ́yìn jẹ́sì, àmọ́ ó gba ẹ̀rọ ìgé, ó sì gba ojú àti sùúrù láti máa fi abẹ́rẹ́ yọ ihò inú lẹ́tà.

Ó wá ku ẹ̀kọ́. Àwa mẹ́tàlélógún la wà nínú yàrá, heat press kan ṣoṣo ló sì wà níwájú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa tẹ aṣọ kan, wọ́n ya wá ní fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, ó parí. Wákàtí kan ni wọ́n fi kọ́ wa ní CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń fi ya àwòrán, ìyẹn fún àwọn tí kò ì bá kọ̀ǹpútà ṣeré rí. Olùkọ́ náà ní sùúrù, oúnjẹ ọjọ́ kejì sì dùn ju ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ bí a ṣe ń dá owó lé iṣẹ́. Mo dá owó lé àwọn aṣọ dúdú ogójì yẹn láìka epo, láìka owó ọkọ̀ láti Ọ̀jọ́ta, láìka aṣọ tí mo bàjẹ́ nígbà àyẹ̀wò. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ tán, èrè mi kò ra kẹ́ẹ̀gì epo kan. Ojú WhatsApp tí wọ́n ṣèlérí pé a ó ti máa béèrè ìbéèrè gbóná fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpolówó ẹ̀rọ tuntun ló kù níbẹ̀.

Nígbà ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ baba kan tó ń ṣe iṣẹ́ síkírínì, ìyẹn títẹ íǹkì gba inú àwọ̀n sára aṣọ, ní Ṣómólú. Owó tí mo san fún wọn kò tó ìdajì ti ẹ̀kọ́ "ọ̀fẹ́" yẹn. Lọ́jọ́ kejì ni baba ti fa iṣẹ́ oníbàárà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń na àwọ̀n mọ́ férémù igi títí yóò fi ró bí ìlù tí a bá fi ìka kàn án, bí a ṣe ń fi emulsion, ohun olómi tí ìmọ́lẹ̀ ń mú le, pa á nínú òkùnkùn, àti bí a ṣe ń gbé e sínú oòrùn pẹ̀lú àwòrán lójú rẹ̀ kí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà lè le, kí ibi tí kò bà sì ṣàn dànù bí a bá da omi sí i. Ohun kan ni n kò bá baba fohùn ṣọ̀kan lé lórí: ìyẹ̀fun aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń pò mọ́ emulsion, dichromate ni, ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń pò ó. Mo ra ìbọ̀wọ́ méjì, mo fún wọn ní ọ̀kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mọ̀ pé bí aṣọ bá ti di igba, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kò sí ẹ̀rọ kankan nínú àkójọ mi tó lè bá síkírínì du owó. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ti gbọ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí n máa lọ ra tíṣẹ́ẹ̀tì ní ọjà Aswani, kí n sì máa na aṣọ sójú iná kí n tó sanwó, kí n lè rí bó ṣe fẹ́lẹ́ tó.

Bó bá jẹ́ pé owó náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, heat press kan tí mo ti wọn igun rẹ̀ nìkan ni ǹ bá fi rà, pẹ̀lú wáyà tó nípọn. Ǹ bá lọ sọ́dọ̀ baba yẹn kí n tó ra ohunkóhun, ǹ bá sì fi èyí tó kù ra aṣọ àti DTF onímítà fún iṣẹ́ tí oníbàárà ti san àsansílẹ̀ rẹ̀. Ohun èlò ife àti ti fìlà ṣì wà nínú ọ̀rá wọn lábẹ́ tábìlì mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé iṣẹ́ tó ta àkójọ náà fún mi tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi: àkójọ DTF ti dé, ẹ̀dínwó wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo bi wọ́n léèrè iye ènìyàn tí yóò wà nídìí ẹ̀rọ kan. Wọ́n ti ka ìbéèrè náà, àmì rẹ̀ ti di búlúù, n kò sì tíì rí èsì gbà.