Production àti Open Nínú Ìdíje Ìbọn Ìléwọ́ IPSC

Nínú ìdíje IPSC (International Practical Shooting Confederation), àjọ ìdíje ìbọn yíyìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Columbia ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976, iye ìṣẹ́jú àáyá tí olùdíje lò ni wọ́n fi ń pín máàkì rẹ̀.

Production àti Open jẹ́ méjì nínú àwọn ìsọ̀rí ìbọn tí wọ́n fi ń díje. Ìbọn Production kò gbọdọ̀ yàtọ̀ púpọ̀ sí bí ó ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde, ọta 15 ni ó sì lè gbé ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní Open, a lè so awò aláàmì pupa mọ́ ìbọn, kí a sì fi irin oníhò sí ẹnu rẹ̀ kí èéfín tí ó ń gba ibẹ̀ jáde sókè má jẹ́ kí ìbọn ta sókè.

Síbẹ̀, inú máàkì ni ìyàtọ̀ ti jinlẹ̀ jù. Ọta tí ó bá bọ́ sí A, àárín pátákó tí wọ́n ń yìnbọn sí, gba 5 ní ìsọ̀rí méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tí ó yà sí C, apá tí ó yí A ká, gba 3 ní Production, nígbà tí Open, bí ọta rẹ̀ bá lágbára dé ìwọ̀n agbára tí wọ́n ń pè ní Major, tíí ṣe 160 nínú ìṣirò ìwúwo àti eré ọta, yóò gba 4. Nítorí èyí ni mo ṣe gbà gidigidi pé Production ni kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ yàn, torí pé ibẹ̀ ni ìkánjú ti ń náni jù, èyí tí yóò kọ́ ọ láti máa fara balẹ̀ yìnbọn sí A.