Ẹjọ́ ọ̀daràn ogun: ṣé ICC ni, àbí ilé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn?

Bí olórí tó pàṣẹ ìpakúpa bá ṣì wà lórí oyè, ICC, ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé tó wà ní The Hague, Netherlands, ló yẹ: Abala 27 òfin rẹ̀ kò ka ipò sí. Àmọ́ kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ó ti pàṣẹ pé kí wọ́n mú Omar al-Bashir, ààrẹ Sudan nígbà náà, láti 2009. Ọkùnrin náà wọ South Africa ní 2015, ó sì padà sílé láìsí ẹni tó mú un. Ó dunni wọra!

Ilé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn kì í sábà lè fọwọ́ kan olórí tó wà lórí àlééfà, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ń bẹ níkàáwọ́ rẹ̀. Ní Koblenz, Jámánì, wọ́n rán Anwar Raslan, ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Síríà kan tẹ́lẹ̀, lẹ́wọ̀n gbére ní 2022. Àwọn tí wọ́n dá lóró wá jẹ́rìí. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹ̀rí, ẹ kọ ọjọ́, ibi àti ẹni tó pàṣẹ sílẹ̀. Ẹ má sì gé fídíò, ojúlówó rẹ̀ ni agbẹjọ́rò máa béèrè.