Ṣé Kí A Kó Kúrò Nílé, Àbí Kí A Dúró? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ìkìlọ̀ Ìjì Ńlá ní Etíkun Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ń gbé ní etíkun Amẹ́ríkà, yálà ní Texas, Louisiana, Florida tàbí Carolina, mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà títí di òpin oṣù kọkànlá ọdọọdún, ìbéèrè kan lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbàkígbà: ìjì ńlá tí wọ́n ń pè ní hurricane ń bọ̀ láti ojú òkun, ṣé kí a kó kúrò nílé ni, àbí kí a tilẹ̀kùn kí a dúró? Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ìbéèrè yìí bá ká mọ́lé, èyíinì ni àwọn ìkìlọ̀, àwòrán àti máàpù tí National Hurricane Center, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Miami, ń gbé jáde ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà nígbà tí ìjì bá wà lójú òkun. Kì í ṣe bí àsọtẹ́lẹ̀ wọn ṣe péye tó ni mo fi díwọ̀n rẹ̀. Mo bi ara mi pé nígbà tí tọkọtaya bá jókòó lóru pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, tí àwọn ọmọ ti sùn, èwo nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni yóò jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọn yóò ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́?

Àwòrán tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù ló kéré jù ní ìwúlò fún ìpinnu yìí. Òun ni àwòrán funfun tó tín-ín-rín níbi tí ìjì wà lọ́wọ́lọ́wọ́, tó wá ń fẹ̀ síwájú bí ẹnu kàkàkí. N ó sì máa pè é ní kàkàkí. Àṣìṣe tí àwọn alásọtẹ́lẹ̀ ṣe láàárín ọdún márùn-ún tó ṣáájú ni wọ́n fi ń wọn bí yóò ṣe fẹ̀ tó, lọ́nà tó fi jẹ́ pé tí ìjì mẹ́ta bá wáyé, àárín méjì nínú wọn yóò gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìjì lè gba ìta rẹ̀ lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni parọ́. Àárín ìjì nìkan sì ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: kò sọ bí ìjì náà ṣe tóbi tó, kò sọ ibi tí omi yóò dé, fífẹ̀ tó sì ń fẹ̀ níwájú kò túmọ̀ sí pé ìjì ń dàgbà. Ṣùgbọ́n kí ni ojú ènìyàn ń wá nínú rẹ̀? Bóyá ilé òun wà nínú tàbí níta. Tí ilé bá fi fífẹ̀ ìka kan bọ́ síta, ọkàn á balẹ̀.

Ìjì Helene fi hàn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 pé ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn kò nídìí. Apá Big Bend ní Florida ni ó ti gúnlẹ̀, ibẹ̀ sì jìnnà sí agbègbè Tampa Bay ju 100 máìlì lọ, síbẹ̀ òkun ru wọ inú ilé àwọn ará Tampa Bay débi pé àwọn ènìyàn kú sínú omi. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí Ian ń bọ̀, ìlà àárín àsọtẹ́lẹ̀ kọ́kọ́ ń tọ́ka sí ìhà Tampa, ojú gbogbo ènìyàn sì lọ síbẹ̀; nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Cayo Costa, erékùṣù kan ní gúúsù Tampa, ni ó ti gúnlẹ̀, omi sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 15 ní Fort Myers Beach. Ọjọ́ kan péré ṣáájú ni àṣẹ pé kí àwọn ará ibẹ̀ kó kúrò jáde. Láti ọdún 2024, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọ̀ ìkìlọ̀ àwọn ìlú inú ilẹ̀ sára kàkàkí náà, èyí tó dára, àmọ́ ojú tí ènìyàn fi ń wò ó kò tíì yí padà.

Ìpele ìjì, láti 1 dé 5, ni ohun kejì tí gbogbo ẹnu ń pè. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń wọ̀n. Ìpele 2 ni Ike wà nígbà tó gúnlẹ̀ sí Galveston ní Texas ní ọdún 2008, àwọn kan sì gbọ́ “méjì” wọ́n ní àwọn ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó gbé wá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20 ní Bolivar Peninsula, ó sì gbá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ibẹ̀ lọ. Harvey ti ọdún 2017 kò tilẹ̀ lágbára hurricane mọ́ nígbà tó ń rọ omi lé Houston lórí, bẹ́ẹ̀ ni òjò tí wọ́n wọ̀n ní Nederland, ìlú kan ní Texas, ju 60 íǹṣì lọ. Ẹni tó bá fi ìpele nìkan pinnu dà bí ẹni tó fi ariwo mọ́tò mọ iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti tayọ ni máàpù àkúnya òkun, tí wọ́n sọ di iṣẹ́ àṣepé ní ọdún 2016. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé orí ilẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wọn omi náà, kì í ṣe láti ojú òkun, nítorí náà kò sí ìṣirò tí ará ilé ní láti ṣe. Àwọ̀ búlúù ni omi tó ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ, yẹ́lò ni èyí tó ju 3 lọ, àwọ̀ ọsàn ni èyí tó ju 6 lọ, pupa sì ni èyí tó ju 9 lọ. Omi ẹsẹ̀ bàtà 6 bo ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́lẹ̀ nínú pálọ̀ wọn. Kì í ṣe ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ jù ni máàpù náà ń fi hàn, ohun tó burú tó sì bọ́gbọ́n mu láti múra sílẹ̀ fún ni, nítorí pé bí ìgbà mẹ́wàá ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni omi yóò ga ju bó ṣe wà níbẹ̀ lọ. Àwọn kan á ní èyí ń dẹ́rù ba ènìyàn lásán. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pinnu fún ọmọ àti arúgbó kò nílò ìṣirò ohun tó ṣeé ṣe jù, ohun tó lè pa wọ́n ni ó nílò láti mọ̀. Àléébù máàpù náà ni pé kì í jáde títí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ yóò fi jáde, nǹkan bíi wákàtí 48 ṣáájú kí afẹ́fẹ́ ìjì tó dé, àkókò yìí sì ti kéré jù fún ìlú ńlá tí òpópónà rẹ̀ kò gba gbogbo ènìyàn.

Máàpù ìgbà tí afẹ́fẹ́ yóò dé ni ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ òun ni mo rò pé ó yẹ kó wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ó ń sọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ tó ń sáré ní máìlì 39 ní wákàtí kan yóò kọ́kọ́ fẹ́ dé àdúgbò kọ̀ọ̀kan, nítorí pé nígbà tí ó bá ti dé bẹ́ẹ̀, orí afárá gíga kì í ṣe ibi ọkọ̀ mọ́, pátákó tí ènìyàn gbé láti fi dí fèrèsé lè gbá a ṣubú. Oríṣi méjì ni wọ́n ń gbé jáde: ìgbà tó ṣeé ṣe jù, àti ìgbà tó yá jù tí ó ṣì bọ́gbọ́n mu. Èyí tó yá jù ni kí ẹ mú, kí ẹ sì yọ iye wákàtí ìrìn àjò àti ìgbà tí ẹ ó fi kó ẹrù àti epo kúrò nínú rẹ̀. Àìmọ̀ yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ oníwákàtí 36, èyí tó ń tẹ̀lé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ ti wákàtí 48, tí wọ́n rò pé ìgbà tí àárín ìjì yóò dé ni wọ́n ń kà sí, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà tí afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ yóò dé ni.

Síbẹ̀, National Hurricane Center kì í pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kó jáde nílé. Ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ yẹn, lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún àdúgbò yín, láti mọ àwọn tí yóò kọ́kọ́ jáde, ló sì ṣe pàtàkì ju gbogbo àwòrán lọ: ní Florida, láti A títí dé F, pẹ̀lú A tó máa ń kọ́kọ́ jáde, ní ìhà Houston àti Galveston, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ (ZIP code) ni wọ́n fi pín in. Ìlànà ibẹ̀ ni pé kí á sá fún omi, kí á fara pamọ́ fún afẹ́fẹ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ lágbára, tí kò sí ní àdúgbò omi, lè ṣe dáadáa bó bá dúró, ẹni tó bá sì gbọ́dọ̀ jáde lè má nílò ju ogún tàbí ọgbọ̀n máìlì lọ sí orí ilẹ̀ gíga.

Ìkànnì National Hurricane Center kò sọ èyí ketekete tó, bẹ́ẹ̀ jíjáde náà ní ewu tirẹ̀. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ní ọdún 2005, nígbà tí kò tíì pé oṣù kan tí Katrina ṣe New Orleans báṣubàṣu, Houston wà á ruru. Ju mílíọ̀nù 2 ènìyàn lọ ló jáde nítorí Rita, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ará àdúgbò omi, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dí òpópónà pa nínú ooru, epo tán nínú ọkọ̀, bọ́ọ̀sì tó kó àwọn arúgbó láti ilé ìtọ́jú gbiná nítòsí Dallas, 23 sì kú nínú rẹ̀. Ìhà ìlà-oòrùn, nítòsí ààlà Texas àti Louisiana, ni ìjì náà wá gbà wọlé. Ẹni tí kò sí ní àdúgbò tí wọ́n pè, tó sì jáde, ń gba ojú ọ̀nà mọ́ ẹni tí omi ń lé bọ̀.

Dídúró náà sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí kàkàkí kò lè sọ: ta ló ń lo ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń fẹ́ iná mànàmáná? Ilé wo ló jẹ́ ilé àgbékalẹ̀ tí afẹ́fẹ́ lè ká kúrò nílẹ̀, tó fi jẹ́ pé kí olúwarẹ̀ jáde láìka omi sí? Beryl ti oṣù keje ọdún 2024 wà ní ìpele 1 péré, ṣùgbọ́n ó pa iná lé ilé àti iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù 2 lọ lórí ní Houston àti agbègbè rẹ̀. Lẹ́yìn Laura ní ọdún 2020, èéfín jẹnẹrétọ̀ pa àwọn ènìyàn ní Louisiana tí ìjì fúnra rẹ̀ kò pa.

Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún iṣẹ́ yìí. Kàkàkí nìkan ì bá gba 4, máàpù omi ì bá sì gba 9. Nínú méjì tí mo yọ, èdè ni ó jẹ́ kí n yọ ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, pẹ̀lú Sípáníìṣì ní ibi tí wọ́n bá ti lè ṣe é, àwọn ìyá àti bàbá tó wá láti ilé bá wa tọ́jú ọmọ kò sì ní ohun tí wọ́n lè kà fúnra wọn nígbà tí àwọn ọmọ bá wà níbi iṣẹ́, bí kò ṣe àwọ̀ orí máàpù. Tí ẹ bá ní irú wọn nílé, ẹ kọ́ wọn ní àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà àti lẹ́tà àdúgbò yín kí oṣù kẹfà tó wọlé, kí ẹ sì kọ lẹ́tà náà sára fíríìjì.