Ṣáàfù iwájú Camry àtijọ́ tó ti jẹ: ká tún un ṣe ni, ká ra tokunbo, àbí ká ra tuntun?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Camry Big Daddy, ìyẹn ti 2002 sí 2006, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Corolla tàbí Sienna àsìkò yẹn, ọ̀rọ̀ yín rèé o. Tí mẹkáníìkì bá ti sọ pé "ọ̀gá, ṣáàfù yín ti lọ," ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára láti inú gíá lọ síbi táyà iwájú, owó ló kàn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì máa ka nǹkan mẹ́rin márùn-ún sílẹ̀ fún yín: ẹ pààrọ̀ rọ́bà, ẹ pààrọ̀ orí kan, ẹ ra odidi tokunbo, ẹ ra tuntun inú páálí, àbí kẹ́ ẹ lọ wá ojúlówó Toyota. Lójú tèmi, ṣáàfù tó bá mọ́tò yẹn wá láti ilé iṣẹ́, ẹ má tètè yọ̀ǹda ẹ̀, torí pé ọ̀pá irin tó wà láàárín kì í sábà níṣòro, orí méjèèjì ló máa ń jẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú tuntun olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lọ́jà ò sì tó ìdajì ẹ̀.

Orí tó wọ ibi táyà, bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí táyà lè ṣẹ́ sọ́tùn-ún ṣẹ́ sósì kó sì tún máa gba agbára ẹ́ńjìn lọ. Orí tó wọ inú gíá, róólà mẹ́ta ló ní, ìyẹn ń wọlé ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ bí mọ́tò ṣe ń lọ sókè sódò nínú kòtò. Rọ́bà ló bo méjèèjì, gíríìsì ló kún inú ẹ̀. Ọjọ́ tí rọ́bà bá ya ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, gíríìsì á máa fọ́n jáde, ẹ ó rí i dúdú kirikiri lẹ́yìn ríìmù àti lára ṣọ́ọ̀kì, yanrìn òun omi á wá gba ipò ẹ̀, irin á máa lọ irin.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ mọ orí wo ló lọ. Ẹ wá pápá tó ṣófo, ẹ ṣẹ́ sítíárìn dópin lápá kan, kẹ́ ẹ rọra máa tẹná. Tó bá ń dún kà-kà-kà-kà, orí tó wà níbi táyà nìyẹn, tó bá sì jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ ṣẹ́ sósì ló ń dún jù, ti ọ̀tún lẹ ó kọ́kọ́ fura sí, torí òun ni ẹrù wà lórí ẹ̀ nígbà yẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ wà lórí ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì, mọ́tò ń gbọ̀n nígbà tẹ́ ẹ bá tẹná, tẹ́ ẹ bá wá gbẹ́sẹ̀ kúrò ó dákẹ́, orí inú gíá lẹ ó wò. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n tí ò yàtọ̀ bóyá ẹ tẹná tàbí ẹ ò tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ bálánsì táyà ná. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó ń dún "gbì" tẹ́ ẹ bá fi gíá látinú D sí R, ẹ yẹ ẹ́ńjìn sítìn, ìyẹn rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìn dúró, wò kẹ́ ẹ tó dá ṣáàfù lẹ́bi, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ra ṣáàfù méjì tán kí wọ́n tó rí i pé ẹ́ńjìn sítìn ló já.

Rọ́bà àti gíríìsì nìkan ló kéré jù lówó, kò sì sí èyí tó dáa tó o tí ariwo ò bá tíì bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pé wọ́n á tú rọ́bà tó ti ya, wọ́n á rọ gíríìsì tuntun lé yanrìn lórí, wọ́n á so ó pa. Kò sí nǹkan tí wọ́n ṣe nìyẹn. Iṣẹ́ gidi ni kí ṣáàfù jáde pátápátá, kí wọ́n tú orí inú gíá, kí wọ́n sàmì sí róólà mẹ́ta yẹn kí wọ́n lè dá a padà bó ṣe wà, kí wọ́n fọ gbogbo ẹ̀ títí irin á fi mọ́, kí wọ́n wá nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ fi èékánná yín wọ́ ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà kọjá, tó bá ń kọ́ yín léèékánná, tó ní kòtò wẹ́wẹ́, ẹ má fowó rọ́bà ṣòfò, orí yẹn ti lọ. Gíríìsì dúdú tí wọ́n pò mọ́líbídínọ́ọ̀mù mọ́ ni kẹ́ ẹ bèèrè, ó sábà máa ń wà nínú páálí rọ́bà fúnra ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bu gíríìsì pupa tàbí yẹ́lò inú agolo tí wọ́n ń lò fún gbogbo nǹkan sí i.

Tó bá jẹ́ pé orí ibi táyà nìkan ló ń dún, wọ́n ń ta orí yẹn lọ́tọ̀, pẹ̀lú rọ́bà, gíríìsì, kílíìpù àti nọ́ọ̀tì ẹ̀. Èyí lèmi fẹ́ràn jù fún mọ́tò tí ọ̀pá ẹ̀ ṣì dáa, àmọ́ ẹ mú èyí tẹ́ ẹ tú dání lọ sọ́jà. Ẹ gbé méjèèjì síra wọn lórí káńtà, ẹ ka eyín tó wọ inú họ́ọ̀bù, ẹ ka eyín inú tó gba ọ̀pá, tí mọ́tò yín bá sì ní ABS, ìyẹn bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, ẹ wo òrùka eléyín tó wà lára orí yẹn, ẹ ka ìyẹn náà, torí tí kò bá bára mu, iná ABS á tàn sí yín lójú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e jáde. Àdàmọ̀dì pọ̀ níbi o. Irin tí wọn ò fi iná mú le dáadáa á rọ̀, kò ní pẹ́ tí kà-kà-kà á fi padà. Èmi a máa wá èyí tí NTN ti Japan tàbí GKN bá ṣe, ọ̀wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa san.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tokunbo, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń parí sí. Ní Ládípọ̀, tàbí Àrárọ̀mí ní Gate, Ìbàdàn, ohun tẹ́ ẹ ń rà ni ṣáàfù ilé iṣẹ́ tí wọ́n tú lára mọ́tò òkè òkun, irin ẹ̀ lágbára, ó wúwo lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ ò mọ ibi tó ti rìn dé. Ẹ di orí kan mú ṣinṣin, ẹ yí èkejì síwá sẹ́yìn, tó bá ń dún kọ́-kọ́ bíńtín báyìí, ẹ gbé e padà fún wọn. Ẹ ṣẹ́ orí ibi táyà dópin, kẹ́ ẹ yí i po, ó yẹ kó le díẹ̀ lọ́wọ́ kó sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò gbọdọ̀ ní ibi tó ti ń há tàbí ibi tó ti ń já sófo. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà dúdú tó ń dán, tí kílíìpù rọ́bà ẹ̀ jẹ́ okùn ike, wọ́n ti tú u rí, ẹ bi wọ́n nídìí. Ọ̀tún àti òsì kì í ṣe ìkan náà, ti ọ̀tún ló gùn, ó sì máa ń ní bẹ́árìn láàárín, ẹ fọwọ́ yí bẹ́árìn yẹn kẹ́ ẹ fetí sí i. Ti V6, ìyẹn ẹ́ńjìn onísílíńdà mẹ́fà, ò bá ti onísílíńdà mẹ́rin mu, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé "á wọ̀ ọ́." Ẹ bá wọn ṣàdéhùn pé tó bá dún ẹ ó dá a padà, kẹ́ ẹ sì ra rọ́bà tuntun mọ́ ọn, torí rọ́bà ara tokunbo ti gbó.

Tuntun inú páálí, ìyẹn odidi ṣáàfù, ohun tó dáa lára ẹ̀ ni pé kò sí títú, wọ́n á yọ ti tẹ́lẹ̀ wọ́n á ki tuntun bọ̀ ọ́, rọ́bà méjèèjì tuntun. Ṣùgbọ́n olówó pọ́ọ́kú nínú wọn, ọ̀pá ẹ̀ lè tín-ínrín ju ti ilé iṣẹ́ lọ, tí tiyín bá sì ní irin róbótó tí rọ́bà dì mọ́ àárín ọ̀pá kó má baà gbọ̀n, ẹ wò ó bóyá tuntun yẹn ní in. Àìsàn tí wọ́n mọ̀ mọ́ irú ṣáàfù yìí ni pé ẹ dúró níbi tíráfíìkì, gíá wà ní D, ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì, gbogbo mọ́tò wá ń gbọ̀n wìrìwìrì. Tí ìyẹn bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́, ṣáàfù yẹn ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa tú ẹ́ńjìn yín. Èmi ò ní rà á àfi tí ọ̀pá mi bá ti wọ́, tàbí tí eyín ẹ̀ ti jẹ tán.

Ojúlówó Toyota ò ní wàhálà kankan, owó ẹ̀ nìkan ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tàbí London ní ọ̀nà kan tí a ò fi bẹ́ẹ̀ ní níbí: ẹ lè ra èyí tí wọ́n tún ṣe nílé iṣẹ́, ẹ ó san owó ìdúró lórí ti àtijọ́, tẹ́ ẹ bá ti gbé ti àtijọ́ wá wọ́n á dá owó yẹn padà fún yín. Àwọn kan máa ń tún ojú irin lọ̀, wọ́n á fi bọ́ọ̀lù tó tóbi díẹ̀ sí i, àwọn míì kàn ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n kùn ún ni, ẹ bèèrè èwo ni tiwọn.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ rà, bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ ló kù. Nọ́ọ̀tì 30 lẹ máa bá níbẹ̀, 294 Nm lórí ṣípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó ni Toyota ní kí wọ́n fún ti Camry dé, tuntun sì ni kẹ́ ẹ lò torí wọ́n máa ń tẹ etí ẹ̀ wọnú irin ni. Kí wọ́n má fi hámà lu orí ṣáàfù lásán, kí wọ́n fi nọ́ọ̀tì àtijọ́ bò ó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti mọ́tò kiri nígbà tí ṣáàfù wà níta, bẹ́árìn táyà á bàjẹ́. Ọ́ìlì síìlì ẹ̀gbẹ́ gíá, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, owó kékeré ni, kẹ́ ẹ sì da ọ́ìlì gíá tó bá ṣàn jáde padà: T-IV ni fún Camry 2002 sí 2004, WS ni fún Camry onísílíńdà mẹ́rin tó ní gíá márùn-ún, ti 2005 àti 2006, ẹ má po wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò níbi gíá tàbí gíríìsì ń yọ létí kílíìpù.