phyphox: áàpù tó ń gbé acceleration jáde lójú títì

Olùkọ́ físíìsì tí láàbù rẹ̀ ṣófo, ì báà jẹ́ ní Kabba, Ìsánlú tàbí Mopa, lè fi phyphox ṣiṣẹ́ dáadáa. Yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Tó bá ti wọ orí fóònù tán, kò bèèrè dátà mọ́.

“Acceleration (without g)” ni kí ẹ yàn. Acceleration ni bí velocity (eré pẹ̀lú ibi tí nǹkan kọjú sí) ṣe ń yára yí padà; g sì ni òòfà ilẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ “with g” sí máa ń da ọmọ ilé ìwé lórí rú: fóònù wà jẹ́ẹ́ lórí tábìlì, ìlà z (òkè sí ìsàlẹ̀) ń sọ nǹkan bíi 9.8 m/s². Bí tábìlì ṣe ń ti fóònù sókè ni sẹ́nsọ̀ ń kà níbẹ̀. Ẹ tẹ́ fóònù sílẹ̀ pẹrẹsẹ nínú bọ́ọ̀sì, kí orí rẹ̀ kọjú síwájú ọkọ̀, kí ẹ fi rọ́bà dè é mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tẹ àmì onígun mẹ́ta.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ọkọ̀ tó bá ti ń sáré, acceleration rẹ̀ ti pọ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Ọkọ̀ tó dúró lórí 36 km/h, ìyẹn 10 m/s, lójú ọ̀nà tó tọ́, òdo ló ń fi hàn (bí kòtò bá gbà). Bí awakọ̀ bá tẹ búrékì, tí ọkọ̀ fi ìṣẹ́jú àáyá 4 dúró, ìlà y (iwájú sí ẹ̀yìn) á lọ sí bíi −2.5 m/s². Kọ́nà ló wá dùn jù. Kí ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún ní 10 m/s kan náà, níbi tí radius (láti àárín òbìrí kọ́nà dé ojú ọ̀nà) jẹ́ mítà 50: abẹ́rẹ́ tó ń ka eré kò mì rárá, síbẹ̀ ìlà x (òsì sí ọ̀tún) gun 2 m/s². Eré kò yí padà, ibi tí ọkọ̀ kọjú sí ló yí, ìyẹn náà sì wà nínú velocity.

Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà o. Ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n ọ́n títí ìlà á fi di igbó. Àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kan kò ní gyroscope (sẹ́nsọ̀ tó ń mọ bí fóònù ṣe ń yí), “without g” lè má ṣiṣẹ́ lórí wọn. Ẹ lè lo “with g” kí ẹ máa wo x àti y nìkan, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó jẹ́ dígírì 5 péré á fi bíi 0.85 kún y.

Àbùkù tó ká mi lára jù ni pé ẹ kò lè fi í ṣírò velocity ìrìn gígùn. Bí sẹ́nsọ̀ bá fi 0.1 m/s² ṣìnà, láàárín ìṣẹ́jú kan àṣìṣe ti di 6 m/s.