Fleury-devant-Douaumont: abúlé tí ẹnì kankan ò gbé mọ́, ẹ lọ wò ó

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá dé apá Verdun ní Faransé, ẹ má kàn wọ mùsíọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ sì máa lọlé o. Ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn dé Fleury. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìgbà tí mo débẹ̀ mo rò pé mo ti ṣìnà ni, torí yàtọ̀ sí ilé àdúrà kékeré kan tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, mi ò rí ilé kankan, igi àti kòtò ni, ọta àgbá ló gbẹ́ gbogbo kòtò yẹn, koríko wá bò ó mọ́lẹ̀. Àfìgbà tí mo rí òpó kékeré kan tí wọ́n kọ "boulanger" sí. Háà, ibi tí oníbúrẹ́dì ìlú ti ń yan búrẹ́dì nìyẹn! Kòtò ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Èèyàn 422 ló ń gbébẹ̀ lọ́dún 1913. Ogun Verdun bẹ̀rẹ̀ ní February 21, 1916, nígbà tó fi máa di ìparí August, Jámánì gba Fleury, Faransé gbà á padà, Jámánì tún gbà á, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi pé ìgbà 16, lórí abúlé kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ogun, ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n tún un kọ́ torí òkú àti ọta àgbá tí ò tíì bú kún inú ilẹ̀, wọ́n bá gbin igi sí i. Òdo ni iye èèyàn ibẹ̀ dòní, àmọ́ wọn ò jẹ́ kórúkọ ẹ̀ pa rẹ́, ó ṣì ní méyọ̀! Kò sẹ́ni tó máa dìbò, nítorí náà prefect Meuse, ìyẹn aṣojú ìjọba ní ẹkùn yẹn, ló ń yan méyọ̀ ọ̀hún. Ìyẹn wọ̀ mí lára gan-an.

Mùsíọ́ọ̀mù yẹn, Mémorial de Verdun, ibi tí ibùdókọ̀ rélùwéè Fleury wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí, 1967 ni wọ́n ṣí i. Ó dáa, àmọ́ òpó oníbúrẹ́dì yẹn sọ̀rọ̀ jù ú lọ.

Ẹ dé ilé egungun Douaumont náà. Fèrèsé kéékèèké wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo inú ẹ̀, egungun lẹ máa rí, ti sójà Faransé àti Jámánì tó tó 130,000 pa pọ̀, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà jà níbẹ̀ o, wọ́n wà lára àwọn tó gba fort Douaumont, ìyẹn odi ológun, padà lọ́wọ́ Jámánì ní October 1916.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Ẹ wọ bàtà tó gbá ẹsẹ̀ mú, ojú ọ̀nà tí wọ́n là ni kẹ́ ẹ sì máa tọ̀, ẹ má yà wọgbó, ọta yẹn ṣì wà nílẹ̀.