Àwòṣe sẹ́ẹ̀lì ẹranko tí mo rà ní Arákalẹ̀, àti sẹ́ńtíríólù tí wọ́n ṣe sínú rẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá ni mo ra àwòṣe sẹ́ẹ̀lì ẹranko kan fún àwọn ọmọ SS2 tí mò ń kọ́ ní Báyọ́lọ́jì, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé-ìwé lójú ọ̀nà Arákalẹ̀, ní Àkúrẹ́. ₦28,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, a sì ná an títí ó fi bọ́ sí ₦23,500. Rọ́bà líle ni, ó tóbi tó ìlàjì bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ń gbá, a sì lè yọ núkílọ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn ibi tí DNA sẹ́ẹ̀lì wà, jáde kí a tún dá a padà. Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì ṣí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo kíláàsì ló ti fọwọ́ kàn án.

Ẹjọ́ tí mo ní wà lórí nǹkan kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ núkílọ́ọ̀sì. Ẹni tó ṣe àwòṣe yìí to sẹ́ńtíríólù méjèèjì, ìyẹn ẹ̀yà kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tó rí bí àgbá kúkúrú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ábẹ́là inú páálí, bẹ́ẹ̀ ìdí ọ̀kan ló yẹ kó kọjú sí ìhà èkejì, kí wọ́n dábùú ara wọn. Mo mú orí abẹ́rẹ́, mo fi ka ilà tí wọ́n fà sí ẹnu wọn: mẹ́jọ ni. Mẹ́sàn-án ló yẹ kó jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́sàn-án náà sì jẹ́ páìpù tín-ín-rín mẹ́ta tó lẹ̀ mọ́ra, èyí tó mú gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27. Iye yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré, nítorí púrótéènì tí wọ́n ń pè ní SAS-6 ló máa ń so pọ̀ ní méjì-méjì, tí méjì-méjì mẹ́sàn-án á wá pàdé láàárín bíi sípóòkì kẹ̀kẹ́, kí àwọn páìpù tó dìde yí i ká. Nǹkan yìí kéré débi pé bí a bá to bíi 2,000 sẹ́ńtíríólù lórí ara wọn lóòró, mílímítà kan péré ni wọn yóò ga.

Ìwé pélébé tó bá àwòṣe náà wá tún burú jù ú lọ. Ó ní sẹ́ńtíríólù máa ń là sí méjì nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín. Kò sí èyí tó ń là nínú wọn. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń múra láti ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀, ẹ́ńsáìmù PLK4 á kóra jọ sí ojú kan ṣoṣo lára sẹ́ńtíríólù kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni tuntun yóò ti yọ, tí yóò dábùú èyí tó bí i, tí yóò máa gùn díẹ̀díẹ̀. Ìyá kan, ọmọ kan ni òfin ibẹ̀. Bí PLK4 bá pọ̀ jù, ọmọ mélòó kan lè yí ìyá kan ká, irú àpọ̀jù bẹ́ẹ̀ sì wọ́pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Theodor Boveri, ará Jámánì tó fún sẹ́ńtírósóòmù (sẹ́ńtíríólù pẹ̀lú púrótéènì tó yí i ká) lórúkọ ní 1888, ti so àṣìpín kírómósómù, okùn tó gbé DNA, mọ́ àrùn náà láti 1914.

Ìwé yẹn tún sọ pé kò sí sẹ́ẹ̀lì tó lè pín láìsí sẹ́ńtíríólù. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí, tí kòkó yí wa ká! Igi kòkó kò ní sẹ́ńtíríólù rárá, síbẹ̀ ó ń dàgbà. Lára ẹranko pàápàá, púrótéènì tó ṣù bo sẹ́ńtíríólù ìyá ni àwọn páìpù tó ń pín kírómósómù ti ń hù. Ibi tí a kò ti lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀ ni irun sẹ́ẹ̀lì: sẹ́ńtíríólù á lọ jókòó sábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, irun á sì yọ lórí rẹ̀. Irú irun bẹ́ẹ̀ ló ń ti ikun àti eruku ọyẹ́ jáde nínú ọ̀nà ọ̀fun wa, ọ̀nà yẹn náà sì ni ìrù àtọ̀ ń gbà yọ. Ní 2006, àwọn onímọ̀ jábọ̀ pé eṣinṣin èso tí kò ní sẹ́ńtíríólù dàgbà di odindi eṣinṣin, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi kú, nítorí pé iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n fi ń mọ ìrìn ara wọn kò ní irun.

Mo gbé àwòṣe náà padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ibẹ̀ sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé, "Ẹ má bínú, mà, ọjà tá a bá ti tà kì í padà." Nítorí náà, èmi àti àwọn ọmọ ra sítúróò tí wọ́n fi ń mu ẹlẹ́rìndòdò, a lẹ 27 pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta, a ṣe èkejì ní kúkúrú gẹ́gẹ́ bí ọmọ, a sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ dábùú ìyá rẹ̀. Mo fún àwòṣe tí mo rà ní máàkì 6 nínú 10, torí maitokọ́ńdíríà inú rẹ̀, ẹ̀yà tó ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì, dára gidi. Ìwé pélébé yẹn kò gba nǹkan kan.

Nígbà tí mo padà lọ ra ṣọ́ọ̀kì, mo mú sẹ́ńtíríólù sítúróò náà dání. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yí i síwá sẹ́yìn, ó ka ẹnu rẹ̀ títí dé mẹ́sàn-án, ó wá bi mí pé: "Mà, èló lẹ máa tà á fún wa?"